Bọ́ọ̀lù Ọjọ́ Fídáù

Láti ìdájí ni iná ti ń jó lẹ́yìnkùlé Badmus ní Òkèlá, ní Ìkàrẹ́. Èéfín ti gba gbogbo àgbàlá. Tàwàkálítù, ìyàwó Badmus, dúró ti ìkòkò ìrẹsì, ó ń fi orógùn igi yí ọbẹ̀ ata tó ń hó ṣìkìṣìkì. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní èéfín ló ṣe é. Ìyá rẹ̀ ló kú ní Ọ̀kà ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, òní sì ni fídáù ọjọ́ kẹjọ.

Tẹjúmádé, aládùúgbò wọn tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, jókòó sórí àpótí, ó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé. Ó yẹ kí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n ó ti ránṣẹ́ sí wọn pé òun kò ní lè wá.

"Ìyá Nusrat, ẹ jókòó díẹ̀," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ yín á wú."

"Tí mo bá jókòó, ẹkún ni màá sun," ni Tàwàkálítù dáhùn. "Ẹ jẹ́ n máa rò ó."

Badmus jáde láti inú yàrá. Ó wọ jàlàbíà funfun tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un lálẹ́ àná, ó dé fìlà tuntun lé e, ó sì ti fi rágì nu ọkọ̀ kórópe rẹ̀ tó fi ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà lójoojúmọ́. Ó rí bí ọkọ ọmọ ṣe yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n bí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò, kọ́là aṣọ yẹ́lò kan yọ lábẹ́ ọrùn jàlàbíà náà.

Tàwàkálítù rí i. 

"Bàbá Nusrat," ni ó wí nígbà tó yá. "Kí lẹ wọ̀ sábẹ́?"

"Síńgílẹ́ẹ̀tì ni."

"Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹ́lò."

Badmus fa ọrùn jàlàbíà náà sókè. "Aṣọ lásán ni. Ó ti mọ́ mi lára láti máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sunday."

Aṣọ àwọn Àpáta ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àpáta ni àwọn ará Ìkàrẹ́ ń pè ní tiwọn. Olóṣèlú kan ló dá a sílẹ̀ nígbà tí ìbò ń bọ̀, ó ra jẹ́sì fún wọn, ó ra bàtà, ó ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ìbò parí, kò gbé fóònù wọn mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, wọ́n ń borí. Gbogbo ìlú ń jó láti pápá dé àdúgbò Jubilee. Nígbà tí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró, ẹsẹ̀ wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Wọ́n ń sùn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àwọn olólùfẹ́ wọn ló sì ń bọ́ wọn. Tàwàkálítù pàápàá ti se ẹ̀bà fún wọn ní ìgbà púpọ̀. Akínlọ́lá, gólì wọn tó ń ṣọ́ ojú ilé lórí pápá, mọ ibi tí Tàwàkálítù ń kó abọ́ sí. Badmus ní tirẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sí ìlú tí wọ́n bá ti fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Òní ni ìdíje ìkẹyìn sáà. Bí wọ́n bá borí, wọ́n á dúró sí ipò wọn. Bí wọn kò bá borí, wọ́n á já sí ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbà pé ẹgbẹ́ náà á tún gbérí tó bá ti já.

Tàwàkálítù gbé orógùn kúrò nínú ìkòkò.

"Lọ́jọ́ tí a sin màámi, Ọ̀wọ̀ lẹ wà. Ẹ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ. Nígbà tí ẹ fi máa dé, wọ́n ti sin ín, àwọn èèyàn ti ń lọ sílé. Mi ò bá yín jà. Ẹ ò mọ̀ pé yóò kú lọ́jọ́ náà. Ti òní, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀," ni Badmus wí. "Ìyẹn ni mo ṣe ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lónìí. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ yìí."

Òtítọ́ inú rẹ̀ ni ó sọ. Ní àkókò tí ó ń sọ ọ́, ó gbà á gbọ́.

Kò tíì kúrò ní ìdí iná nígbà tí Abọ́dẹrìn wọlé. Abọ́dẹrìn ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní iwájú ilé wọn, òun sì ni alága àwọn olólùfẹ́ Àpáta ládùúgbò. Ó dé fìlà yẹ́lò, ó sì kí Tàwàkálítù kú ìpalẹ̀mọ́ kí ó tó kọjú sí Badmus.

"Rẹfirí tí wọ́n gbé wá fún wa, mi ò fẹ́ràn orúkọ rẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ṣèlérí fún mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn á kú sórí pápá. Badmus, o ò lè má wá. Gbogbo ibi tí wọ́n lọ, ìwọ lo gbé wọn lọ."

"Ọ̀kà ni mò ń lọ, Abọ́dẹrìn. O mọ̀."

"Abọ́dẹrìn," ni Tẹjúmádé wí láì gbé ojú sókè kúrò nínú ewé tó ń ká, "ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n nínú ilé yìí."

"Mo mọ̀, olùkọ́. Mo ti bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n òkú ti wọlẹ̀, Ọlọ́run ti gbà á. Àwọn wọ̀nyí ló ṣì wà láàyè tí wọ́n fẹ́ kú."

 Tàwàkálítù bu omi díẹ̀ sínú ìrẹsì, ó dé e, ó sì fi ọwọ́ tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀ títí tí kò fi mì mọ́. Abọ́dẹrìn dúró díẹ̀, ó ní òun ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun àílà ọ̀sán, Badmus kó àwọn ààfáà méjì láti Ìkàrẹ́, Tàwàkálítù àti Nusrat ọmọ wọn, pẹ̀lú àwọn ẹní tí wọ́n yá ní mọ́ṣáláṣí. Ọkọ̀ kún. Ìkòkò ìrẹsì kejì kò sì tíì jinná. Wọ́n fi ẹnu kò pé Badmus á gbé àwọn èèyàn lọ ná, á padà wá gbé oúnjẹ àti Tẹjúmádé. Wọ́n gba Akùngbá, láàárín àwọn òkè olókùúta, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń já ọ̀nà kọjá láìwo ọ̀tún wo òsì, wọ́n sì dé Ìwárọ̀-Ọ̀kà ní àlàáfíà. Ní gbogbo ọ̀nà, fóònù Badmus ń gbọ̀n nínú àpò jàlàbíà. Kò gbé e.

Bàbá Tìjání, bàbá Tàwàkálítù, jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbó, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ọkọ̀ àna rẹ̀. Badmus dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Nusrat, dìde, dìde," ni bàbá náà wí. "O ṣe é tí o tètè kó wọn dé."

Obìnrin kan nínú àwọn ẹbí, tó ń to abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wo Badmus láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ọkọ Tàwàkálítù nìyí? Mi ò rí i níbi ìsìnkú."

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," ni Bàbá Tìjání yára dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ Badmus mú, ó fà á súnmọ́ ara rẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "O mọ̀ pé Ọlọ́run kò fún mi ní ọmọkùnrin. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdúrà, mo fẹ́ kí o jókòó tì mí níbí. Kí o máa bá mi na ọwọ́ sàráà sí àwọn ààfáà. Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n. Mi ò fẹ́ kí ó máa gbọ̀n lójú wọn."

"Màá jókòó tì yín, Bàbá."

"Ẹ tètè padà," ni Tàwàkálítù wí lójú wíńdò ọkọ̀. "Wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe àmín, oúnjẹ ni àwọn èèyàn á máa retí."

"Kí n lọ kí n bọ̀ ni," ni Badmus wí.

Nígbà tí ó dé Ìkàrẹ́, ìrẹsì ti jinná. Òun àti Tẹjúmádé bù ú sínú kúlà ńláńlá, wọ́n gbé wọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà kékeré kan lọ́tọ̀, àwọn ààfáà ni wọ́n ṣe é fún. Tẹjúmádé dé gèlè rẹ̀, ó jókòó síwájú. Ojú ọ̀nà dá, nítorí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí pápá.

Ọ̀nà méjì ló ti Òkèlá jáde sí ọ̀nà Akùngbá. Ọ̀kan kò gba ẹ̀gbẹ́ pápá rárá. Badmus gba èkejì.

"Ibí kọ́ là ń gbà, Bàbá Nusrat," ni Tẹjúmádé wí.

"Ó yá ju tọ̀hún lọ."

Bí wọ́n ti súnmọ́ pápá ni wọ́n ti ń gbọ́ ariwo. Ògiri pápá náà ti wó lápá kan, ẹni tó bá wà lójú títì lè rí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Badmus dẹ eré ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó dúró, ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnì.

"Kí n kàn béèrè iye tí wọ́n gbá," ni ó wí.

Ó sọ̀kalẹ̀. Wọn kò tíì gbá nǹkan kan wọlé. Ó padà sí ọkọ̀, ó sì ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti wọlé nígbà tí ariwo sọ lójijì, tí gbogbo àwọn tó wà lórí ògiri fò sílẹ̀ tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Àpáta ti gbá góòlù kan. Ọkùnrin kan tí Badmus kò mọ̀ rí gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Omijé bọ́ lójú Badmus náà. Ó na ọwọ́ wọlé, ó pa ẹ́ńjìnì, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá olùkọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ ìsinmi, a ó lọ."

Tẹjúmádé wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ń dúró dè wá," ni ó wí.

"Àdúrà ni wọ́n ṣì ń ṣe. Wọn ò tíì dé ibi oúnjẹ."

Ó bọ́ jàlàbíà, ó ká a sórí ìjókòó, ó sì wọ inú pápá lọ pẹ̀lú aṣọ yẹ́lò lọ́rùn. Nígbà tí àsìkò ìsinmi tó, kò jáde. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà sọ fún Tẹjúmádé pé àwọn rí i níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abọ́dẹrìn, ó ń lu agolo. Tẹjúmádé pè é lórí fóònù, fóònù náà dún nínú àpò jàlàbíà lórí ìjókòó. Nusrat ló ti ń pè é kí Tẹjúmádé tó pè é. Orúkọ ọmọ náà kún ojú fóònù.

Tẹjúmádé jókòó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀kalẹ̀, ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé itan rẹ̀ láàárín òun àti ọlọ́kadà, ó sì kọrí sí Ọ̀kà. Kúlà ìrẹsì ni kò lè gbé.

Ní abala kejì bọ́ọ̀lù náà, ẹsẹ̀ àwọn Àpáta kò gbé ilẹ̀ mọ́. Wọn kò jẹun kánú láàárọ̀, ó sì hàn. Àwọn àlejò dá góòlù náà padà. Àwọn èèyàn kò tíì dákẹ́ àròyé lórí ìyẹn nígbà tí bọ́ọ̀lù kan tí kò le rárá yọ̀ mọ́ Akínlọ́lá lọ́wọ́, tó sì wọlé láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

 Lẹ́yìn náà ni èébú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Akínlọ́lá ti gba rìbá. Wọ́n bú ìyá rẹ̀. Badmus náà bú u. Ọmọ tó ti jẹ ẹ̀bà nínú àgbàlá rẹ̀, tó máa ń pe ìyàwó rẹ̀ ní màámi, ni Badmus dúró lójú gbogbo èèyàn tó ń pè ní olè, tó ń pè ní ọ̀tá Àkókó. Ó ju omi inú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi náà kò dé ibì kankan, ó bọ́ sórí koríko. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹlòmíràn jù tẹ̀ lé e, òkúta sì tẹ̀ lé ìyẹn.

Rẹfirí fọn fèrè ìparí, ó sì sá. Àwọn ọlọ́pàá ju tajútajú. Olúkúlùkù ń du ibi ògiri tó wó, Badmus wà láàárín wọn, ó ń wúkọ́, ó ń wá ọkọ̀ rẹ̀ láàárín èéfín. Nígbà tó rí i, ó rí Akínlọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí ìpéǹpéjú rẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bàbá Nusrat," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Badmus ṣí ilẹ̀kùn. Ó tì í wọlé, ó wọlé tẹ̀ lé e, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí wọn.

"Ó wà nínú ọkọ̀ yẹn," ni ẹnìkan wí.

Àwọn tó yí ọkọ̀ náà ká kì í ṣe àlejò. Aṣọ yẹ́lò ni gbogbo wọn wọ̀. Badmus mọ púpọ̀ nínú wọn. Ó rí Abọ́dẹrìn lẹ́yìn wọn, kò mú òkúta lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má jù ú. Ojú wọn pàdé. Abọ́dẹrìn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gíláàsì ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fọ́, tẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹnìkan na ọwọ́ wọlé láti fa Akínlọ́lá, ó fa ìdérí kúlà méjèèjì ṣí dípò rẹ̀, òkúta mìíràn sì tún wọlé. Ẹ́ńjìnì gbà. Badmus tẹ iná, ó sì gba àárín wọn jáde.

Ó kọjá Jubilee kí ó tó rí èémí mí dáadáa. Atẹ́gùn ń wọlé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Òórùn ìrẹsì àti ata gba inú ọkọ̀. Akínlọ́lá yọ jẹ́sì rẹ̀, ó fi di ojú ọgbẹ́.

"Ta ló ni oúnjẹ yìí?" ni ó béèrè.

"Ti fídáù ìyá ìyàwó mi ni."

Akínlọ́lá wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ gíláàsì ti bọ́ sínú ìrẹsì, ó ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

"Lónìí?" ni ó wí.

Badmus tẹjú mọ́ ọ̀nà. Wọ́n rìn títí wọ́n fi rí àwọn òkè Akùngbá.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀kalẹ̀ níbí," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé nítòsí. Á bá mi fọ ojú yìí." Ó sọ̀kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Badmus ń retí pé yóò sọ nǹkan nípa èébú tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bóyá kò gbọ́ ọ. Bóyá ó gbọ́. "Ẹ bá mi kí màámi," ni ó wí. "Ẹ ní mo kí wọn kú àdánù. Ẹ ò bá má wá, Bàbá Nusrat. Àwa ì bá ṣì já náà ni."

Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí èyí tó kù fọ́.

Nígbà tí Badmus dé Ìwárọ̀, wọ́n ti ń ká ẹní. Ó ti wọ jàlàbíà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ata ti ta sí i lápá kan. Àwọn ààfáà ti lọ. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀. Àwọn ará ilé tó wà nítòsí ti gbé ohun tí wọ́n ní wá, ẹlòmíràn iṣu sísè, ẹlòmíràn búrẹ́dì, wọ́n sì ti gé mọ́ínmọ́ín sí wẹ́wẹ́ kí ó lè kárí àwọn àgbà. Ọ̀rá búrẹ́dì ṣì wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fọ abọ́ kí Badmus, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ sí i lọ́sàn-án wà láàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, abọ́ tó ń fọ̀ ló tẹjú mọ́.

Tẹjúmádé pàdé rẹ̀ níbi tó páàkì sí. Ó rí gíláàsì tó fọ́, ó wo Badmus bóyá ó fara pa.

"Mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà," ni ó wí ní ohùn kékeré. "Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, Ìyá olùkọ́."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ tó wà níta ń gbọ́ bọ́ọ̀lù náà lórí fóònù. Ìyàwó yín gbọ́ ariwo wọn nígbà tí góòlù ìkẹyìn wọlé. Ó wò mí, ó sì ní kí n bá òun pín omi."

Tàwàkálítù ti ń bọ̀. Nusrat tẹ̀ lé e. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ṣí kúlà kìíní, ó wò ó. Ó fi ìka mú nǹkan kan nínú ìrẹsì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e lé orí bọ́ńpà. Ó ṣí kúlà kejì. Òun náà kò yàtọ̀. Badmus dúró tì í, ó ń retí kí ó pariwo, kí ó sọ ohun tó ti ń sọ láti àárọ̀, kí ó tilẹ̀ gbá a létí. Inú rẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

"Nusrat," ni Tàwàkálítù wí, "lọ yá ọkọ́ wá. Ká gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé. Tí a bá dà á sórí àkìtàn, ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni á jẹ ẹ́, gíláàsì á pa á."

"Ìyá Nusrat," ni Badmus wí, "ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ."

"Ẹ má gbẹ́ ẹ. Aṣọ funfun yẹn yóò dọ̀tí."

Ó gbé ìdí kúlà kan, Tẹjúmádé gbé ìdí kejì. Kí wọ́n tó rìn, ó dúró díẹ̀.

"Èmi àti Nusrat á sùn níbí," ni ó wí. "Bàbá ò lè dá wà."

"Títí dìgbà wo?"

Ó ń wo kúlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ lọ kí Bàbá," ni ó wí. "Wọ́n ti béèrè yín."

Bàbá Tìjání ṣì jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Badmus dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ má bínú sí mi."

"Jókòó," ni bàbá náà wí. Ó fi ọwọ́ wá èjìká rẹ̀ títí tó fi rí i. "Àdúrà lọ dáadáa. Wọ́n ka Yásínì, wọ́n dárúkọ ìyá yín dáadáa. Nusrat ló jókòó tì mí. Òun ló bá mi na ọwọ́ sàráà. Ààfáà kan ń wò ó pé obìnrin ni, mo ní ọmọ mi ni."

 Láti ẹ̀yìn ilé, ìró ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí ilẹ̀ líle.

"Wọ́n ní o ní bọ́ọ̀lù kan lónìí," ni bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ní ìbínú nínú. Ó béèrè rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń béèrè ìlera aláìsàn. "Àwọn tí o máa ń gbé kiri yẹn. Ṣé wọ́n borí?"

"Rárá, Bàbá. Wọ́n já."

Bàbá Tìjání mi orí. Ó ṣe bí ẹni tó ń ronú lórí bí ohun tó gbọ́ yẹn ti wúwo tó fún ẹni tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbá èjìká àna rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí àwọn èèyàn ti ń gbá tirẹ̀ láti àárọ̀.

"Ó mà ṣe o," ni ó wí. "O kú ìrọ́jú, Bàbá Nusrat. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́."

Ó dúró kí Badmus ṣe àmín. Badmus ya ẹnu, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é. Ó tẹ iwájú orí rẹ̀ mọ́ ẹní, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá náà, níbi tí ó yẹ kí ó ti jókòó lọ́sàn-án, ó sì wà níbẹ̀ títí ìró ọkọ́ fi dákẹ́ lẹ́yìn ilé.